Òkun Tí Iyùn Kò Lè Gbé: Ìrìnàjò sí Molútẹ̀hìn

Ọ̀rọ̀ iyùn ni ó gbé mi dé Molútẹ̀hìn, ní etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ. Iyùn tí mo ń wí yìí wà láàyè, ó ní ẹnu, ó ń jẹun, ó sì ń mọ ilé òkúta yí ara rẹ̀ ká nínú omi iyọ̀. Àbúrò mi kan tí ń gbé ní Èkó ti pinnu láti máa sin irú rẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ti ra gíláàsì, ó ti ra iná, ó ti ra pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ iye tí wọ́n ń ta garawa iyọ̀ tí a ń pò mọ́ omi fún iṣẹ́ náà, ó figbe ta, ó ní ṣé ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀ Ìlàjẹ wá ni yóò máa fi owó ra òkun. Nítorí náà, bí ó ti gbọ́ pé mo ń múra àtilọ kí àwọn ará ìyá wa, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun yẹ omi ìhà ọ̀hún wò, kí òun lè máa rán ènìyàn lọ pọn ọ́n bí ó bá yẹ iyùn. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, nítorí a kì í gbé ẹ̀bá odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Báyìí ni mo ṣe di kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ẹrù, tí mo fi awò kékeré tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi sínú àpò, tí mo sì gba Òkìtìpupa kọjá.

Ìgbọ́kọ̀dá ni ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ parí sí. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ni, láti ìgbà tí a ti dá ìjọba náà sílẹ̀ ní 1996, ṣùgbọ́n ọjà ẹja ni tẹrú-tọmọ mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí ó bá dé èbúté ibẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò rí ẹja gbígbẹ nínú agbọ̀n, edé tí ó kún àpò, ẹní tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ fi ọwọ́ hun, àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń jù sínú ọkọ̀. Níbi tí mo ti ń retí kí ọkọ̀ wa kún ni mo ti rí ìyá kan tí ó kó ẹja ẹpìyà tí ó ṣì wà láàyè sínú abọ́ ńlá, tí ó jókòó tì í, tí ó ń fi ike bu omi inú abọ́ náà, tí ó ń gbé e dé ọ̀gangan àyà, tí ó sì ń dà á padà kí ó lè máa hó. Bí oníbàárà bá dé, á dá ọwọ́ dúró, á ná ọjà, á gba owó, á sì tún mú ike rẹ̀. Mo kí i, "Ẹ kú ọjà, ìyá," mo sì bi í pé ta ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò kọ́ mi? Bí omi kò bá mí, ẹja kò ní mí."

Bí mo ti wọ inú ọkọ̀ ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí ó gbé Lọ́ńdọ̀nù ní ayé àtijọ́, Anna Thynne, aya àlùfáà kan ní Westminster, tí ó rí iyùn alààyè lára àpáta ní Torquay, ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1846, tí ó sì gbé e wálé tòun ti omi òkun nínú ìkòkò. Kò sí pọ́ǹpù nígbà náà, kò sí iná mànàmáná nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa da omi náà láti inú ìkòkò kan sínú òmíràn níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, fún bí ìlàjì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójoojúmọ́. Iyùn náà yè, ó sì bímọ nínú ilé, nígbà tí ìwé tí Philip Henry Gosse kọ ní 1854, tí ó sọ sísin ẹran omi nínú gíláàsì di àṣà láàárín àwọn òyìnbó, kò tíì jáde. Ìwé a máa dárúkọ ìyáàfin náà. Èmi a máa rò ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí apá ń ro.

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, awakọ̀ wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó rọra mú ọkọ̀ jáde láti èbúté, ó gba àárín igbó tí omi ti dúdú tí kò sì ní iyọ̀ rárá, kí ó tó fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Mo kí ẹ o, ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ a-fi-omi-ṣe-ilẹ̀, ọmọ a-wa-ọkọ̀-lọ-kí-àna, ẹ̀yin tí ilé yín ń dúró lórí òpó bí omi ti ń kọjá lábẹ́ ibùsùn yín! Ọmọdé tí kò tíì ga ju àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ ni mo rí tí ó dá wa ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìwé rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀, kò sì ṣe ju kí ó gbé ojú sókè díẹ̀ nígbà tí ìgbì ọkọ̀ wa gbé tirẹ̀. A yà ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní ọjọ́ 12, Oṣù Kìn-ín-ní, 1947, tí wọ́n fi gbogbo ohun ìní ṣe àjùmọ̀ní, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Òkun ti gba púpọ̀ nínú ilé wọn báyìí. A kò pẹ́ níbẹ̀. Ìlà-oòrùn ni a kọ ojú sí, ìhà Àwóyè, níbi tí Molútẹ̀hìn wà.

Ẹni tí ó ti mọ etí òkun Badagry tàbí ti Lẹ́kí, níbi tí yanrìn ti ń dán lábẹ́ oòrùn, yóò béèrè ibi tí wọ́n kó yanrìn sí ní Molútẹ̀hìn. Ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú tí ó rọ̀, tí ó ń gbé ènìyàn mì dé orúnkún, tí ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú òkun lọ́hùn-ún. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi. Ìgbì a máa ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn bọ̀, láti ìhà Badagry àti Èkó, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn ọ̀gbun ńlá wà nísàlẹ̀ òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Avon àti Màhín, inú wọn ni yanrìn sì ń yà sí, tí kì í padà wá mọ́. Ẹrẹ̀ nìkan ni ó kù fún wa, ẹrẹ̀ kò sì lè di ilẹ̀ mú fún ilé. Èyí tí ó tún burú jù ni ti àwọn odò tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì, tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún omi iyọ̀ láti wọ inú irà tí omi aláìníyọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pẹ ògùrọ̀ kú, ẹja odò sá, igi gbígbẹ sì dúró nínú omi tí kò ní ewé kan lórí. Bàbá tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, na àjẹ̀ sí ojú òkun níbi tí ọkọ̀ apẹja kan ń kọjá lọ, ó ní, "Ṣé o rí ọkọ̀ yẹn? Orí ilé ìdáná wa ni ó wà yẹn."

Ní ọjọ́ kejì a tu ọkọ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, mo sì bu omi sínú ife gíláàsì, mo gbé e kalẹ̀ lórí pákó afárá. Kò pẹ́ tí ẹrẹ̀ fi rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ife, omi òkè sì ṣì pọ́n síbẹ̀. Mo kán díẹ̀ sórí awò mi, mo kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn: iyọ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an sí 1.025 tí àwọn tí ń sin iyùn ń wá. Ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òjò ń rọ̀, gbogbo odò tí ń ti inú igbó wa wá ni ó ń sọ omi rẹ̀ sínú òkun yìí, odò Benin wà nítòsí, Odò Ọya tìkára rẹ̀ sì ń tú ẹnu sílẹ̀ sínú rẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Iyùn tí àbúrò mi ń fẹ́ ń béèrè fún gíráàmù iyọ̀ bí 35 nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ju gbogbo rẹ̀ lọ ó ń fẹ́ omi tí ó mọ́ gaara, nítorí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ oòrùn. Inú ẹran ara rẹ̀ ni ewédò tín-tìn-tín kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Ewédò náà ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ, ó sì ń fún onílé rẹ̀ ní èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá bo omi, ebi ti wọ inú ilé náà nìyẹn, àní bí ẹrẹ̀ kò bá tilẹ̀ bo iyùn fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbogbo etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn odò ńlá ń da ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, omi tútù a sì máa ti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè ní ìhà Ghana àti Ivory Coast láàárín Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án. Nítorí náà a kò rí òkìtì iyùn gidi lọ́dọ̀ wa, irú èyí tí ó wà ní Òkun Pupa tàbí ní Australia, àfi ìwọ̀nba iyùn tí ó lẹ̀ mọ́ àpáta ní Cape Verde, São Tomé àti Príncipe. Nígbà tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lee Chin Eng, ní Jakarta, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 1961 pé òun ń sin iyùn nínú ilé láìní ẹ̀rọ kan tí ó ju èyí tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi lọ, ẹnu ya àwọn òyìnbó. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó bu omi òkun, ó gbé òkúta tí ohun alààyè ti kún ara rẹ̀ láti inú òkun, ó kó wọn sínú gíláàsì, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa hó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun tí Lee Chin Eng ń bu omi nínú rẹ̀, ilé iyùn ni. Ibi tí ènìyàn ti bu omi ni ọ̀rọ̀ wà. Kí òkun súnmọ́ni kò tó. Mo padà kó kẹ́ẹ̀gì mi síbi tí wọ́n ti wá.

Ẹ̀rín pa bàbá nígbà tí mo sọ fún un pé a óò fi owó ra iyọ̀. Ó ní ní ayé àwọn bàbá wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń se iyọ̀ láti inú omi òkun, tí àwọn ará òkè sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá rà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, ó ní kí n jókòó kí n ṣàlàyé ohun tí àbúrò mi fẹ́ ṣe fún òun, nítorí òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé kí ènìyàn kọ́ ilé fún òkun nínú pálọ̀.

Mo sọ fún un pé omi ni ó kọ́kọ́ gba ìwà pẹ̀lẹ́. Omi ẹ̀rọ Èkó kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kànga kò ṣeé lò. A ní láti fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ títí kò fi ní sí ohunkóhun nínú rẹ̀, kí a tó wá fi iyọ̀ sí i, kílò méje fún àpótí tí ó gba lítà 200. Lẹ́yìn náà ni a ó to òkúta, a ó tan pọ́ǹpù kí omi máa rìn, a ó sì dúró. Ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ṣe. Ìdọ̀tí ẹja àti oúnjẹ tí ó bàjẹ́ ń di amóníà, amóníà sì ń pa ẹran omi. Ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà kan wà tí ń sọ amóníà di náítráìtì, àwọn mìíràn sì ń sọ náítráìtì di náítréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóró, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sì máa ń gbà wọ́n kí wọ́n tó pọ̀ tó lórí òkúta. Ní gbogbo ìgbà náà, omi lásán àti òkúta ni onílé yóò máa wò, àlejò yóò sì máa béèrè ibi tí ẹja wà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí omi bá ti gbó, àwọn iyùn tí ara wọn rọ̀, tí kò ní egungun òkúta, ni a ó kọ́kọ́ gbé wọlé, nítorí wọ́n lè fara da àṣìṣe; àwọn tí ó ní egungun, pàápàá Acropora tí ó ní ẹ̀ka, di ọdún mìíràn. Àwọn wọ̀nyí ń fa kálísíọ́mù láti inú omi mọ ilé wọn, onílé sì gbọ́dọ̀ máa dá a padà kí ó má bàa dín ní míligíráàmù 400 nínú lítà kan. Mo tún sọ fún un pé irú ẹ̀dá rírọ̀ kan tí ó bá iyùn tan wà, tí ń jọ òdòdó tí ó pọ̀ lórí ìtẹ́ kan, tí a ń pè ní zoanthid, tí oró ara àwọn kan nínú wọn lè pa ènìyàn, tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tí ó lọ́gbẹ́ kàn, tí a kò sì gbọ́dọ̀ da omi gbígbóná sí òkúta tí ó wà lórí rẹ̀.

"Bí omi bá fà ńkọ́?" ni bàbá bi mí, mo sì mọ̀ pé mo ń bá ẹni tí ó mọ omi sọ̀rọ̀. Omi ń fà lóòótọ́, iyọ̀ kì í fà. Nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni a fi ń kún un, lójoojúmọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá fi omi oníyọ̀ kún un yóò rí i pé iyọ̀ inú àpótí ti pọ̀ jù láìpẹ́. Ó tún béèrè nípa ooru. Mo ní ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná ni wọ́n ń rà. Ní Èkó, ẹ̀rọ tí ń mú un tutù ni, ó sì gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí omi bá gbóná ju bí iyùn ti fẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀, iyùn yóò lé ewédò inú ara rẹ̀ jáde, yóò funfun báláú, ebi yóò sì pa á. Inú òkun gbangba pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ èyí: ní Oṣù Kẹrin 2024, àwọn onímọ̀ òkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé fífunfun iyùn ti tún kárí ayé, ìgbà kẹrin tí wọn yóò kéde irú rẹ̀. Iná mànàmáná ni mo fi parí ọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù kú; bí pọ́ǹpù bá kú, afẹ́fẹ́ inú omi ń tán lọ ní wákàtí sí wákàtí, ẹni tí kò bá sì ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà tí ó ní bátìrì gidi yóò padà di ìyá ẹlẹ́pìyà ní èbúté Ìgbọ́kọ̀dá, tòun ti ike lọ́wọ́, ní òru. Nítèmi o, n kò rí ẹni tí ó yẹ kí ó ra iyùn ní ilẹ̀ yìí kí ó tó ra bátìrì.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Nítorí náà gbogbo iṣẹ́ yìí," ó ní, "nítorí kí omi má bàa yí padà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni: iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà, ooru kò gbọ́dọ̀ yí padà, kálísíọ́mù kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Òkun tí kì í yí padà! Ẹ bá mi ra ọ̀kan wá síhìn-ín."

Ìyàwó rẹ̀, tí ó ti ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn ògiri pákó, ni ó béèrè bóyá irú iyùn kan náà ni ti ọrùn ọba. Ìbéèrè náà wúlò. Iyùn tí àwọn ọba wa fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, tí Olúgbò ti ilẹ̀ Ugbò àti Amapetu ti Màhín ń kó sọ́rùn, egungun iyùn pupa ti Òkun Mẹditaréníà ni, èyí tí ń gbé inú òkùnkùn lábẹ́ àpáta, tí kì í gbára lé ewédò kankan, tí ó sì ń dàgbà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ débi pé ìdí ẹ̀ka rẹ̀ kì í fi mìlímítà kan nípọn sí i lọ́dún. Nítorí náà, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó nípọn tó àtàǹpàkò lè ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ti inú gíláàsì, oòrùn ni ó ń jẹ. Àwọn iyùn olókùúta tí a ń sìn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, ń ṣọ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1975; ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e wọ orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, èyí tí ó sì dára jù láti rà ni èyí tí a gé lára iyùn tí wọ́n ti ń sìn nínú gíláàsì, tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ òkúta kékeré kí ó tún dàgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀, omi ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ sì yọ sí ìta títí dé ìdí àwọn igi ẹ̀gbà díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Bí mo ti dúró lórí afárá ni mo rí àwọn ẹja kéékèèké kan tí ojú wọn yọ sórí bí ti ọ̀pọ̀lọ́, tí wọ́n fi lẹbẹ àyà rọ́ ara wọn lórí ẹrẹ̀, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń na lẹbẹ ẹ̀yìn síra wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo wò wọ́n títí awakọ̀ fi ń pariwo pé kí n wọlé. Mo rò ó nínú ara mi pé bí ó bá jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó fẹ́ fi àpótí gíláàsì kọ́ ọmọ Ìlàjẹ nípa omi rẹ̀, ẹja yìí ni n óò gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sìn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tí ó ga tó ìka mélòó kan, omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀gbìn ẹ̀gbà kan tàbí méjì, àti ìdérí tí ó dé dáadáa, nítorí pé ńṣe ni yóò gun gíláàsì jáde. Kò nílò ẹ̀rọ tí ń mú omi tutù. Ìyípadà omi ni ó ti bá dàgbà. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ àti ooru ilẹ̀ wa tó o.

Mo sọ èyí fún awakọ̀ nígbà tí a ti kúrò níbẹ̀. Ó ní ta ni yóò san owó wo ẹja tí àwọn ọmọdé ń sọ òkúta lù. Mo ní irú rẹ̀ gan-an, láti etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfríkà wa yìí, ni wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ń sin ẹja nínú ilé. Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù kí ó lè gbọ́ mi, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan. Mo sọ ọ́ fún un, ó sì ní kí n tún un sọ.